Ọdún IT láàárín ND àti HND: ọ́fíìsì ìjọba ni àbí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá oníná?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ND nínú ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní pólì kan nípìínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Upper Credit ni mo sì mú jáde. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, bí wọ́n bá ní kí n tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa wò, àyà mi á já. Ó ku ọdún kan tí mo gbọ́dọ̀ fi ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí n tó lè wọlé fún HND. Bàbá mi ti bá mi wá àyè sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ọ̀gá kan tó ń kó pánẹ́ẹ̀lì iná jọ, tó tún ń ṣe sólà ní Òṣogbo, ní òun lè gbà mí, àmọ́ kò ní sanwó fún mi, ó tiẹ̀ ní kí n mú owó díẹ̀ wá. Ṣé ITF máa ka ṣọ́ọ̀bù kékeré bẹ́ẹ̀ sí? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n jẹ́ kí ẹnì kan bá mi lu lógíbúùkù, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, lóǹtẹ̀ láìṣiṣẹ́, kí n fi ọdún náà kọ́ coding. Obìnrin ni mí, ọmọ ọdún 21. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, ibi tó yẹ kó o lọ lo béèrè, àmọ́ ohun tó ń dà ọ́ láàmú gan-an ni pé ìwé ti ṣíwájú ọwọ́. O ń bẹ̀rù kí àṣírí má lọ tú lọ́jọ́ kan pé ẹni tó gba Upper Credit kò lè so gílóòbù kan kó tàn. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ iná ní àwọn iléeṣẹ́ agbègbè Ọ̀tà àti Agbára ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, èmi sì ni wọ́n sábà máa ń fa àwọn ọmọ IT lé lọ́wọ́. Àwọn tó gba Distinction wà nínú wọn, àwọn tó fi Pass jáde náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yìí ni mo máa ń rí lójú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn tí ẹ̀rù kò bà rárá ló máa ń kọ́kọ́ kó àyà mi sókè.

Kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ ITF yẹn, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun méjì ló lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀. SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ITF dá sílẹ̀ ní 1973, ni oṣù mẹ́rin tó o lò nígbà tó o ṣì wà lẹ́nu ND, tí ẹ fi kọ lógíbúùkù, tí ẹ sì fi Form 8 ránṣẹ́. Ìyẹn ti kọjá. Ọdún kan tó ń bọ̀ yìí, ara ohun tí NBTE, àjọ tó ń bójú tó àwọn pólì, là sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wọ HND ni, ilé ẹ̀kọ́ tó o bá fẹ́ wọ̀ ló sì máa béèrè ẹ̀rí pé o ṣe é. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń wò. Ṣọ́ọ̀bù kékeré tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, tó ní ìwé tí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà lórí rẹ̀, tó sì ní òǹtẹ̀, sábà máa ń tó wọn. Àmọ́ pólì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe tiẹ̀. Lọ bi ọ́fíìsì tó ń rí sí IT níbẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀, má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀rẹ́ ṣe é.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí ọwọ́ rẹ fi ṣófo lẹ́yìn ọdún méjì? Kì í ṣe pé o ya ọ̀lẹ. Wo kíláàsì yín wò: ẹ̀yin mélòó lẹ máa ń yí ká tábìlì kan ní láàbù? Mo mọ pólì kan tó jẹ́ pé ẹni mẹ́ta tó wà níwájú ló ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àwọn tó kù ń wo ẹ̀yìn orí ara wọn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á lọ da ìròyìn láàbù kọ láti inú èyí tí àwọn tó ṣáájú wọn ti kọ sílẹ̀, àti nọ́ḿbà àti àṣìṣe inú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ míì wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa, wọ́n á nu eruku ojú wọn nígbà tí àwọn tó ń wá fún accreditation, ìyẹn àyẹ̀wò ìfọwọ́sí ilé ẹ̀kọ́, bá ń bọ̀, wọ́n á sì tún tì í padà. Ọ̀gá tó ń bójú tó wọn kì í ṣe ìkà o. Bí ọmọ kan bá jó ẹ̀rọ kan níná, kò sí owó tí wọ́n máa fi ra òmíràn, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n sì máa gbé e kọ́. Bí ìyanṣẹ́lódì bá tún gé sáà kú, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fò, torí pé tíọ́rì ni ìdánwò máa béèrè.

Ìdí míì tún wà tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ. Nígbà tí Yaba College of Technology bẹ̀rẹ̀ ní 1947 gẹ́gẹ́ bíi Technical Institute, torí àtipèsè àwọn tó mọṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ ìjọba fi oní-HND sí Level 7, ó sì fi ẹni tó ti yunifásítì jáde sí Level 8, ó tún ní ibi tí oní-HND máa dé tí wọ́n á dá a dúró. Ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìwé ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wọn ọwọ́. Bí pólì ṣe di ibi tí wọ́n ń dúró sí de JAMB ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, tí àwọn olùkọ́ míì náà sì ń fi bó ṣe jọ yunifásítì tó yangàn. Àárín ìyẹn ni ìwọ ti kẹ́kọ̀ọ́.

Jẹ́ kí n fi ohun tí mo máa ń ṣe fún ọmọ IT tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé hàn ọ́. Mo máa ń mú un lọ sídìí mọ́tò onífééṣì mẹ́ta kan tó ń kùn hùùù, tí kò yí, mo sì máa ń dákẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ á na ọwọ́ sí i. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ pa iná, á fi àgádágodo ti ibi tó ti pa á kí ẹlòmíràn má bàa tàn án mọ́ ọn lórí, á wá fi tester wò ó bóyá iná ti lọ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló tó kan ohun tó ń ṣe é. Yàtọ̀ sí pé kí nǹkan há ẹ̀rọ náà lọ́nà, ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé fééṣì kan kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: fíùsì kan lè ti já, ojú contactor kan, ohun tó ń so iná mọ́ mọ́tò tó sì ń já a, lè ti jóná, tàbí kó jẹ́ pé fééṣì méjì péré làwọn oníná gbé wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni lórílẹ̀-èdè yìí. Ọmọ pólì tó gba A nínú Electrical Machines mọ orúkọ àìsàn yìí, ó lè kọ ojú ìwé méjì nípa rẹ̀, àmọ́ kò mọ̀ pé òun ló ń kùn sí òun létí yẹn. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ti lo ọdún kan ní ṣọ́ọ̀bù á ti mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà, nígbà míì òórùn ló máa fi mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ máa ń dúró sí tí wọ́n á ní ṣé ẹ rí i pé ilé ìwé kò wúlò. Ó ku apá kejì. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan náà, bí overload mọ́tò náà, ohun tó ń já iná bí mọ́tò bá ń fà á jù, bá ń já ṣáá, òun ló máa yí i sókè kí oníbàárà lè yé pariwo. Mọ́tò 5.5 kW lórí 400 V ń fa bí ampere 11. Bó bá gbé overload lọ sí 16, kò sí nǹkan kan tó ń dáàbò bo mọ́tò náà mọ́, yóò máa gbóná títí yóò fi jó. Bó bá wá jẹ́ star-delta, ọ̀nà tí wọ́n fi ń tan mọ́tò kó má fa iná jù níbẹ̀rẹ̀, tí overload wà lójú ọ̀nà tó wọ inú wáyà mọ́tò náà gan-an, nǹkan bí 6.4 ló yẹ kí wọ́n gbé e sí, kì í ṣe 11. Root 3 tó o há sórí torí ìdánwò, nǹkan bí 1.73, tí a fi pín 11, ló bí nọ́ḿbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó dáńgájíá níṣẹ́ kò mọ ibi tó ti wá, torí náà bí ó bá yí padà lórí iṣẹ́ míì, wọ́n á ṣì í.

Bákan náà ló rí nínú sólà, tó jẹ́ iṣẹ́ tó ń bẹ lóde báyìí. Láti ìgbà tí owó iná àwọn tó wà ní Band A ti fò lọ sí nǹkan bí ₦225 fún unit kan ní oṣù kẹrin 2024, àwọn tí kò ronú sólà rí ti ń wá ẹni tó máa bá wọn gbé e. Ẹni tó kàn ń farawé ọ̀gá rẹ̀ á fa wáyà tín-ín-rín láti ìdí bátìrì. Ìwọ á ṣírò rẹ̀: inverter 12 V tó bá gbé ẹrù 1,000 W ń fa ju ampere 83 lọ láti inú bátìrì. Wáyà 2.5 tí wọ́n fi ń fa sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé kò lè gbé ìyẹn láéláé. Ilé ti jó torí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní kí ọwọ́ rẹ mọṣẹ́, n kò ní kó o sọ ìwé nù kó o wá di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó pẹ́ dé. Ẹni tó lè gbọ́ ohun tí mọ́tò ń wí, tó sì lè ṣírò ìdí tó fi ń wí i, òun ló ṣọ̀wọ́n, òun ni àwọn iléeṣẹ́ ń wá. Ìdajì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ.

Èyí ló máa jẹ́ kí ibi tó o máa lọ rọrùn láti yàn. Má fi orúkọ ibẹ̀ wò ó. Béèrè pé: ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, ṣé ẹni kan sì wà tó máa sọ fún mi nígbà tí mo bá ṣì í? Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lè dáa o, n kò bú u. Bí ẹ̀ka iṣẹ́ wọn bá ń tún iná òpópónà àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga dẹ̀rọ̀ ṣe lóòótọ́, tí ọkọ̀ wọn ń jáde, lọ síbẹ̀, wàá rí nǹkan kọ́. Àmọ́ lọ jókòó níbẹ̀ láàárọ̀ kan kó o tó gbà. Bó bá jẹ́ pé tábìlì ni wọ́n ń nù, tí wọ́n ń rán ọmọ IT lọ ra mọ́ínmọ́ín, ohun tó o máa mú jáde níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan ò ní ju lẹ́tà lọ. Ohun tí bàbá rẹ ń rò yé mi. Ó ń rò pé ibẹ̀ kò léwu, àti pé bóyá àwọn tó wà níbẹ̀ á rántí rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbani síṣẹ́. Kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Má bá a jiyàn. Ní kó bá ọ lọ wo ṣọ́ọ̀bù Òṣogbo yẹn. Bàbá tó bá rí iṣẹ́ lójú máa ń rọ̀ ju bàbá tí wọ́n kàn ròyìn fún.

Ní ti ọ̀gá yẹn, kì í ṣe jìbìtì pé ó ní kó o mú owó wá. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó máa wò ọ́ bí ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé o ń bọ̀ wá lo ọdún mẹ́ta kó o sì ṣe fríìdọ̀mù, o sì ní ohun tó o lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ló ń tẹ ìwé iye owó tó ń fún oníbàárà, ta ló ń ya àwòrán pánẹ́ẹ̀lì tó ń kó jọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn páálí síga ló ń yà á sí, sọ fún un pé wàá máa bá a ya á dáadáa lórí kọ̀ǹpútà, wàá máa bá a kọ iye owó àti ìwé owó tó wọlé, kó yọ owó náà sílẹ̀ tàbí kó dín in kù. Ọ̀gá tó gbọ́n á gbà, torí oníbàárà ńlá kì í gba ìwé jákujàku. Kí o tó san ohunkóhun, wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣé ó ń pa iná kó tó fọwọ́ kan nǹkan, àbí ó ń fi akin ṣe é? Ṣé ó ní multimeter tó ń ṣiṣẹ́? Ṣé iṣẹ́ wà nílẹ̀ tàbí wọ́n ń ta ayò láti àárọ̀? Bi í ní ìdí tó fi ṣe nǹkan kan. Bó bá dáhùn, tàbí tó ní “n kò mọ̀, bó ṣe rí nìyẹn”, méjèèjì dáa. Bó bá bínú pé o bi òun, má lọ.

O ní obìnrin ni ọ́, n kò sì ní fi ẹnu dídùn bo ìyẹn. Àwọn oníbàárà máa bi ọ́ pé ṣé ìwọ lo máa gun òrùlé yẹn ni, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù á fẹ́ kó o máa gbálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń so wáyà. Ọwọ́ tó o bá fi mú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n á fi mú ọ: wọ ṣòkòtò, wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti ẹ̀gbà ọrùn sílé, mú screwdriver tìrẹ dání. Gbogbo ìyẹn ṣeé fara dà. Èyí tí kò ṣeé fara dà ni ọ̀gá tàbí ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ bojú bá ọ ṣe ìṣekúṣe. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: béèrè bóyá obìnrin kan ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, kó o sì wá obìnrin náà lọ kó o gbọ́ tẹnu rẹ̀. Má dá lọ sí iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn láìjẹ́ pé ará ilé rẹ mọ àdírẹ́sì ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá yíwọ́, kúrò níbẹ̀, má tìtorí lẹ́tà IT dúró.

Ti lógíbúùkù olóǹtẹ̀ yẹn kò gbà mí lásìkò púpọ̀. Ìbéèrè kejì tí wọ́n bá bi ọ́ lẹ́nu ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló máa já a. Mo máa ń ṣí lógíbúùkù síbi tí ó bá ti wù mí ni, mo á ní, “sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yìí fún mi.” Ẹni tó wà níbẹ̀ á tiẹ̀ sọ èyí tí kò kọ síbẹ̀. Coding ní tiẹ̀ kò burú, bó bá sì jẹ́ pé òun lọkàn rẹ fẹ́ lóòótọ́, kí o dojú kọ ọ́ ní gbangba, kí o má fi iná mànàmáná bojú. Àmọ́ bí o bá ṣì fẹ́ iṣẹ́ iná, fi wákàtí kan tàbí méjì ní alẹ́ kọ́ AutoCAD, tí wọ́n fi ń ya àwòrán iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, àti ìpìlẹ̀ PLC. PLC ló ń darí ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ báyìí, ibẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà àti contactor ti pàdé.

Má sì tíì pa iléeṣẹ́ ńlá rẹ́. Lábẹ́ òfin ITF, iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ ń dá ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún fún àjọ náà, òfin náà sì ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò mọ òfin yẹn, bí o bá fi lẹ́tà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó lè má dé ibì kankan. Orúkọ ọ̀gá maintenance ni kó o wá, kó o kọ ọ́ sára lẹ́tà náà, kó o sì padà lọ béèrè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àléébù iléeṣẹ́ ńlá ni pé wọ́n lè fi ọ́ sídìí ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún ọdún kan, tó jẹ́ pé bọ́tìnnì méjì nìkan lo máa mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kékeré á fi nǹkan mẹ́wàá hàn ọ́, àmọ́ ó lè kọ́ ọ ní àṣà burúkú mẹ́ta mọ́ ọn. Bó bá ṣeé ṣe, oṣù mẹ́jọ ní ọ̀kan, oṣù mẹ́rin ní èkejì ni èmi ìbá yàn, bí ilé ẹ̀kọ́ bá gbà á bẹ́ẹ̀.

Níbikíbi tó o bá lọ, má kọ “a tún mọ́tò ṣe” sínú lógíbúùkù. Kọ ohun tí oníbàárà wí, ohun tó o wọ̀n àti nọ́ḿbà tí mítà gbé jáde, ohun tí ẹ rò pé ó fà á, ohun tí ẹ ṣe, àti bóyá ìrònú yín tọ̀nà. Ya fọ́tò iṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ parí, bí oníbàárà bá gbà. Ní ìparí ọdún, o lè lọ fún NSQ, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí NBTE ń bójú tó, èyí tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ lè ṣe wò, tó bá sì yá, o lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi technician.

N kò ní ṣèlérí fún ọ pé iṣẹ́ á máa dúró dè ọ́ torí pé o mọṣẹ́. Mo mọ àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa tí wọ́n jókòó sílé torí pé wọn kò mọ ẹnì kankan, mo sì mọ àwọn tí kò mọ nǹkan kan tí wọ́n wà ní ọ́fíìsì tó ní AC. Ọdún kan kò sì ní sọ ọ́ di ọ̀gá. Ohun tó lè ṣe ni pé bí ọ́fíìsì kò bá pè ọ́, ará àdúgbò kan á pè ọ́, wàá sì mọ ohun tó o máa ṣe bó o bá dé ibẹ̀. Bákan náà, n kò tíì rí ọ̀gá Òṣogbo yẹn, ìwé tó o kọ sí mi nìkan ni mo fi ń dá a lẹ́jọ́.

Nítorí náà, lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí, kó o bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó o wá fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀rọ̀ owó tó wọ̀ ọ́. Bí o bá fọwọ́ kan iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, dúró níbẹ̀. Bí gbálẹ̀ àti ra omi bá ni gbogbo rẹ̀, bọ́ síbòmíràn, àwọn tó ń ṣe sólà ò wọ́n ní Òṣogbo àti Ilé-Ifẹ̀. Gba lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, kó o sì rí i pé ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà tí ọ̀gá náà fún ọ bá ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀ mu, torí òun ni ọ́fíìsì HND máa fi ka ọdún náà fún ọ.